Mo ń wá ilé fún ajá kan tó ń sá fún èèyàn: ta ni mo lè fà á lé lọ́wọ́?

Àdùkẹ́_Bódìjà

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ajá ni mo bá wá. Abo ni, pupa rẹ́súrẹ́sú, àyà rẹ̀ funfun. Ajá ìbílẹ̀ wa yìí náà ni, kì í ṣe ti òyìnbó. Àwọn ayálégbé kan tó kó kúrò nínú ọgbà wa ló fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń gbé oúnjẹ fún un, ẹ̀yìn táǹkì omi ló máa ń sá sí, kò sì ní jáde títí n ó fi wọlé. Ní báyìí, ó ti ń jẹun lójú mi bí mo bá jókòó jìnnà díẹ̀, ó sì ti fi imú kan ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni ṣáà ti mú ìgbálẹ̀ nílẹ̀, tàbí kí ọkùnrin kan kígbe pe ẹnìkejì rẹ̀ lójú pópó, ìrù á ti wọ àárín itan, ó ti lọ nìyẹn. Kò gé ẹnikẹ́ni jẹ rí. Kì í tilẹ̀ gbó.

Onílé ti ní òun ò fẹ́ ajá nínú ọgbà mọ́, ó fún mi di ìparí oṣù tó ń bọ̀. Yàrá kan ni mo ń gbé, iṣẹ́ sì ń mú mi jáde láti àárọ̀ di alẹ́. Mo gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp. Àwọn kan pè, ajá tí yóò máa ṣọ́lé ni wọ́n ń wá. Àwọn mìíràn gbọ́ pé kì í ṣe ajá òyìnbó, wọ́n gé fóònù. Ọkùnrin kan wá wà tí kò béèrè nǹkan kan ju bó ṣe tóbi tó àti ìgbà tí òun lè wá gbé e. Ọ̀rọ̀ ẹni yìí ló bà mí lẹ́rù jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, kí ni mo lè kọ nípa rẹ̀ tí ẹni tó yẹ yóò fi jáde? Báwo ni mo sì ṣe lè mọ ẹni tí kò yẹ?

Ọmọ_Akọ̀bọ̀

Àǹtí, ẹ gbé e fún àwọn tó ń ṣọ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Wọ́n á dè é mọ́lẹ̀, wọ́n á máa fún un lóúnjẹ, láìpẹ́ á le. Ajá tí wọn ò dè kì í mú.

Ìyá_Bíńgò (Òṣogbo)

Ọmọ_Akọ̀bọ̀, jọ̀ọ́, má fún wọn ní ìmọ̀ràn yìí. Mo ti rí èyí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ládùúgbò wa. Ajá ojo, bí o bá dè é, o ti gba ohun kan ṣoṣo tó gbójú lé, ìyẹn ẹsẹ̀ tó fi ń sá. Bí kò bá ti ráyè sá, eyín ló kù. Kì í sì í ṣe olè ni yóò gé jẹ, ọmọ kékeré tó wá mú bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ibẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní ajá burúkú ni, wọ́n á lù ú pa.

Àdùkẹ́, òótọ́ ni kó o kọ. Púpọ̀ nínú wa máa ń bo ẹ̀rù ajá mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè tètè gbà á. Ẹni tó bá gbà á á rí i láàárín ọjọ́ méjì pé ajá ò sún mọ́ òun, inú á bí i, á sì dá a padà tàbí kó lé e síta. Bí èmi bá fẹ́ kọ ọ́, báyìí ni n ó ṣe kọ ọ́:

"Abo ajá ìbílẹ̀, ó ti dàgbà. Kì í gé èèyàn jẹ. Ó ń bẹ̀rù àlejò àti ariwo, ó sì lè pẹ́ kó tó jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan òun. Kò lè ṣọ́lé. Ilé tó parọ́rọ́, tó ní fẹ́ǹsì, tí ẹnì kan máa ń wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ló bá a mu. A kò ní fún ẹni tí yóò so ó mọ́lẹ̀."

Ìpè á dín kù. Kò burú, àwọn tó kù ni wọ́n ka ohun tó o kọ.

Fọ́tò ńkọ́? Má dúró lókè orí rẹ̀ yà á. Lọ sílẹ̀ dé ibi tí ojú rẹ̀ wà, nígbà tó ń jẹun tàbí tó sùn sínú oòrùn. Èyí tó ká jọ sí ẹ̀yìn táǹkì, àánú lèèyàn máa fi wò ó, àánú nìkan kì í sì í pẹ́ nílé.

Tọ́lá_Sáńgo

Ẹ dá owó lé e. Ohun ọ̀fẹ́ kì í níyì. Ẹni tó bá sanwó á tọ́jú u.

Gbénga_Olóko

Ẹ gbé e fún mi. Mo ní oko lọ́nà Ìwó. Àyè pọ̀ níbẹ̀. Mo lè wá gbé e lónìí.

Àdùkẹ́_Bódìjà

Ẹ ṣeun sà. Ṣé ẹnì kan ń sùn lóko náà? Ṣé fẹ́ǹsì wà? Ṣé ẹ ní ajá mìíràn níbẹ̀?

Gbénga_Olóko

Òṣìṣẹ́ ń wá láàárọ̀, wọ́n ń lọ nírọ̀lẹ́. Fẹ́ǹsì ò sí, àmọ́ ajá kì í sọnù lóko. Ó máa mọ ibẹ̀.

Ọmọ_Ondó

Mi ò mọ Ẹ̀gbọ́n Gbénga, mi ò sì fura sí wọn. Ṣùgbọ́n ajá tó ń sá fún èèyàn, tí ẹ gbé lọ sí ibi tí kò sí fẹ́ǹsì, tí kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀ lálẹ́, alẹ́ àkọ́kọ́ ló máa lọ. Kò mọ ibẹ̀, kò mọ ohùn ẹnikẹ́ni tó lè pè é padà. Títì ló máa já sí.

Tọ́lá, ọ̀rọ̀ owó tí ẹ sọ yẹn, mo ti gbà á gbọ́ pẹ́, àmọ́ mi ò gbà á gbọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọ Ondó ni mí, ajá ni Ògún ń gbà, gbogbo wa la mọ̀, mi ò sì bú ìṣe ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń jẹ ẹran ajá náà wà, kì í ṣe lọ́dọ̀ wa nìkan. Ẹni tó ń kó ajá kiri láti tà ti mọ iye tí yóò rí lórí rẹ̀. Bí ẹ bá dá owó kékeré lé e, ó máa san án kíákíá, ẹ ó sì rò pé ẹ ti rí èèyàn gidi. Owó kì í dá wọn dúró, ìbéèrè ló ń lé wọn.

Ohun tí èmi máa ń béèrè kò pọ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ajá tí ẹ sìn kẹ́yìn? Níbo lèyí yóò sùn ní alẹ́ àkọ́kọ́? Ta ni yóò máa bọ́ ọ bí ẹ bá rìnrìn àjò? Ẹni tó ti sin ajá rí á dáhùn láìronú, á tilẹ̀ máa bá ẹ sọ̀rọ̀ ajá rẹ̀ tó kú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tí kò sìn ín rí, ṣùgbọ́n tó fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, á ní òun ò mọ̀, á sì bi ọ́. Ẹni tó bá bínú pé ìbéèrè pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ gbé ajá lọ sílé wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá gbé e lẹ́nu géètì yín. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ kí aládùúgbò, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ajá wà nílé yẹn rí. Àwọn ará àdúgbò kì í fi nǹkan pa mọ́.

Àbẹ̀kẹ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ o. Bí awọ rẹ̀ bá ń yún un, ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú pa á lára, ohun tí wọ́n ń lò nílé wa nìyẹn. Ẹ sì ra abẹ́rẹ́ tí àwọn darandaran fi ń gún màlúù, ó ń pa eégbọn dáadáa.

Dókítà_Ẹran_Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Iṣẹ́ mi ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ dákun, ẹ má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa ajá kankan mọ́. Ajá máa ń lá ara rẹ̀, inú rẹ̀ ni ọ́ìlì náà ń lọ, májèlé sì ni. Àwọn tí wọ́n gbé wá bá wa lẹ́yìn irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ wọn la máa ń kọ́kọ́ sáré sí, kì í ṣe awọ mọ́. Abẹ́rẹ́ màlúù yẹn, ivermectin ni. Òògùn gidi ni, àwa náà ń lò ó, àmọ́ èyí tí wọ́n ṣe fún màlúù le gan-an, ìwọ̀n díẹ̀ tó bá lé lè gbọ̀n ajá jìgìjìgì, ó lè fọ́ ọ lójú, ó sì lè pa á. Àwọn ẹ̀yà ajá kan wà, irú bíi Collie, tí ìwọ̀n tí kò ní ṣe ajá mìíràn ní nǹkan kan lè pa púpọ̀ nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí dókítà wọn ajá kó tó fún un.

Àdùkẹ́, kí o tó fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ṣe nǹkan wọ̀nyí. Àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ajá tó ti pé oṣù mẹ́ta lè gbà á, wọ́n á sì máa tún un gún lọ́dọọdún. Ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa ẹran tó wà ní Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau ń ṣe é nílé níbí, kì í ṣe ohun tí èèyàn máa wá lọ sókè òkun. Ìwọ tó wà ní Bódìjà, ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn wà nítòsí rẹ. Wọ́n á fún ọ ní káàdì. Káàdì yẹn ni kó o fi lé ẹni tó gbà á lọ́wọ́, kó o sì ya fọ́tò rẹ̀ síbi tìrẹ. Èkejì, òògùn aràn. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè: ṣé ó lóyún? Abo tó ń rìn kiri inú ọgbà láìní olówó, oyún lè ti wà níbẹ̀. Bí oṣù méjì ó lé ọjọ́ mélòó kan ni ajá fi ń lóyún, nítorí náà ó lè bímọ sílé ẹni tó gbà á kí wọ́n tó mọ̀. Bí kò bá lóyún, iṣẹ́ abẹ tí a fi ń yọ ilé ọmọ ló dára jù, nítorí bí ìgbà méjì lọ́dún ni akọ àdúgbò máa kún ẹnu géètì.

Nípa ẹ̀rù rẹ̀: láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n bí ajá títí dé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ló ń mọ̀ pé ohun báyìí ò léwu: èèyàn, ọmọdé, ọ̀kadà, jẹnẹrétọ̀. Èyí tí kò bá rí èèyàn dáadáa láàárín àkókò yẹn, tàbí tí lílù nìkan ló mọ̀ mọ́ èèyàn, kì í sábà di ajá tó ń yọ̀ mọ́ àlejò. Ó lè sàn gan-an, á fẹ́ràn ẹni tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé á yí padà pátápátá.

Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ mọ àmì. Bí ajá bá ń yán nígbà tí oorun ò kùn ún, tó ń lá ètè nígbà tí kò sí oúnjẹ, tí funfun ojú rẹ̀ ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó dúró gbagidi, ó ń sọ pé kí ẹ fi òun sílẹ̀ ni. Bó bá kùn, ẹ má lù ú. Ajá tí wọ́n lù nítorí pé ó kùn kò ní kùn mọ́ lọ́jọ́ mìíràn, á kàn gé èèyàn jẹ ni.

Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ajá gé èèyàn jẹ, ajá yòówù, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ fún abẹ́rẹ́. Kì í ṣe ata, kì í ṣe epo, kì í ṣe irun ajá náà. Ẹ má pa ajá ọ̀hún, ẹ tì í mọ́lé kí dókítà lè máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Dìgbòlugi kì í ní ìwòsàn bí àmì rẹ̀ bá ti jáde lára èèyàn, ọ̀dọ̀ ajá sì ni nǹkan bí ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti ń wá.

Ọmọ_Akọ̀bọ̀

Mo ti gbọ́ ti ìsomọ́lẹ̀, ẹ ṣeun Ìyá Bíńgò. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Mùsùlùmí pọ̀ nílẹ̀ Ìbàdàn, wọn kì í sì í gba ajá sílé. Wọ́n á kàn fi àkókò Àǹtí ṣòfò ni.

Alhaji_Mọ́níyà

Ọmọ mi, má dá gbogbo wa pọ̀. Mùsùlùmí ni mí, ajá méjì wà nínú ọgbà mi níbi tí mo ti ń sin ewúrẹ́ àti adìyẹ. Ajá tí ń ṣọ́ ẹran, tí ń ṣọ́ oko, tí ń ṣọdẹ, ẹ̀sìn wa fàyè gbà á. Ọ̀rọ̀ itọ́ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò lé lórí. Àwọn ojú ọ̀nà òfin ẹ̀sìn wa kan ní ẹ̀gbin ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà Màlíkì, èyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ń tẹ̀ lé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò kà á sí ẹ̀gbin. Síbẹ̀, bó bá fẹnu kan àwo, ìgbà méje la máa ń fọ̀ ọ́.

Àdùkẹ́, ohun tí n ó fi kún un ni pé kó o béèrè ní gbangba. Ẹlòmíì á gba ajá nítorí ojú rẹ, ìyàwó tàbí ìyá rẹ̀ ò sì fẹ́ ẹ nílé. Gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé náà ni kó o bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹni tó máa ń wà nílé lọ́sàn-án, nítorí ọwọ́ onítọ̀hún ni ajá náà máa wà.

Títí_Peckham

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Ajá tó wà lọ́dọ̀ mi báyìí, Romania ni wọ́n ti kó o wá, ajá ìgboro ni níbẹ̀. Irú wọn pọ̀ níbí, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń bẹ̀rù bíi ti Àdùkẹ́ yìí.

Níbí, ẹgbẹ́ tó ń gba ajá là ló ń ṣe gbogbo ohun tí Ọmọ_Ondó sọ. Battersea, ọ̀kan nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ti wà láti ọdún 1860, àìmọye ẹgbẹ́ kéékèèké ló sì wà. Èyí tó fún mi lájá rán èèyàn wá wo ilé mi kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọ́n wo gíga fẹ́ǹsì, wọ́n bi mí wákàtí tí mo ń lò níta. Mo fọwọ́ síwèé pé bí mi ò bá lè tọ́jú u mọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni n ó dá a padà sí, mi ò ní fún ẹlòmíì. Látọdún 2016, òfin England ní kí wọ́n fi ohun ìdánimọ̀ tín-ín-rín kan sábẹ́ awọ gbogbo ajá, orúkọ àti fóònù olówó rẹ̀ á sì wà lákọọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ti ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn pé wọ́n á dá a padà, Àdùkẹ́, ẹ mú un. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tàbí ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ohùn sọ ọ́ lórí WhatsApp.

Ohun tí wọ́n fi yé wa jù ni sísá lọ. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ajá ojo máa ń sọnù jù. Aládùúgbò mi kan ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó gbé ẹrù wá, ajá gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo àdúgbò fi wá a. Nítorí náà, okùn méjì ni a fi ń mú wọn rìn, ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan lára ìjánu tó yí àyà ká, torí pé ajá tó bá fà sẹ́yìn lè bọ́ orí kúrò nínú ti ọrùn.

Wọ́n tún ní ìlànà kan tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gba irú ajá yìí: ọjọ́ mẹ́ta kí jìnnìjìnnì tó lọ lára rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó mọ bí ilé ṣe ń lọ, oṣù mẹ́ta kó tó gbà pé ilé òun nìyí. Kì í ṣe òfin, tèmi pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi í sí igun kan tó parọ́rọ́, kí àlejò má wá wò ó, kí ẹnikẹ́ni má fà á jáde, títí òun fúnra rẹ̀ á fi jáde. Ẹ má wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ọdún bá sì ń bọ̀, tí wọ́n ń yin báńgà, ẹ tì í mọ́lé. Níbí, alẹ́ 5 Oṣù Kọkànlá ni tiwa, mo máa ń tan rédíò sókè kí n sì dá gbogbo kọ́tìnnì dé.

Ọdẹ_Ìgbóọrà

Mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ Àǹtí Títí dára, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mi ò bá wọn lọ. Ajá tí ẹ bá fi sí igun pé ó di ìgbà tó bá wù ú kó tó jáde, igun yẹn náà ló máa fi ṣe ilé. Mo ti rí i. Nílé tiwa tí bàbá mi ti ń ṣọdẹ, bí ajá bá ń bẹ̀rù, ajá mìíràn la fi ń mú un jáde. A ó wá àgbà ajá kan tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, a ó jẹ́ kí wọ́n jọ wà. Ojo á máa wo ojú àgbà. Bí àgbà bá gba ẹran lọ́wọ́ èèyàn tí nǹkan kan ò ṣe é, lọ́jọ́ kejì ojo á sún mọ́ díẹ̀. Èèyàn ò lè fi ẹnu kọ́ ajá lóhun tí ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ máa kọ́ ọ.

Ohun mìíràn ni pé kí ẹ má dojú kọ ọ́. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ yí ẹ̀gbẹ́ sí i, ẹ wo ibòmíì, kí ẹ na oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan. Ọwọ́ tí ń ti òkè bọ̀ wá sórí ajá, ọwọ́ tó fẹ́ lù ú ni lójú tirẹ̀. Abẹ́ àgbọ̀n ni kẹ́ ẹ ti fọwọ́ kàn án bó bá dọjọ́ tó gbà. Ẹnì kan náà ni kó máa bọ́ ọ, lákòókò kan náà.

Dókítà_Ẹran_Abẹ́òkúta

Bàbá Ọdẹ sọ òótọ́ lórí ajá kejì, bí ajá kejì náà bá jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ tí kì í jà sí oúnjẹ. Àǹtí Títí náà sọ òótọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fà á jáde. Méjèèjì lè jọ wà: igun tó lè sá sí kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, kí oúnjẹ sì máa fi díẹ̀díẹ̀ jìnnà sí igun náà. Ẹ kàn máa gbé àwo wọn yà sọ́tọ̀ ni.

Ìyá_Olùkọ́_Ìlọrá

Ọmọ mi Àdùkẹ́, mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ láti àná. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, èmi àti ọmọbìnrin kan tó ń bá mi gbé la wà nílé. Ilé mi wà lẹ́yìn ìlú, kò sí ilé ọtí, kò sí ilé ìjọsìn tó ń lo gbohùngbohùn nítòsí. Mo ní akọ ajá kan, ó ti darúgbó, oòrùn ló máa ń yá. Ajá tí mo sìn ṣáájú rẹ̀, ejò ló bù ú ṣán níwájú ilé ìdáná, mi ò lè sọ bó ṣe dùn mí tó. Mi ò wá ajá tí yóò ṣọ́lé. Bí kò bá jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun di ọdún tó ń bọ̀, kò burú, ṣáà jẹ́ kó máa jẹun.

Àdùkẹ́_Bódìjà

Ẹ ṣeun, Mà. Mo ka èyí, omi bọ́ lójú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé ọmọbìnrin tó ń bá yín gbé fẹ́ ajá kejì? Ṣé àwọn ọmọdé máa ń wá? Bí ẹ bá rìnrìn àjò, ta ni yóò máa bọ́ ọ?

Ìyá_Olùkọ́_Ìlọrá

Mi ò bínú rárá, ìbéèrè yìí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ló ń bọ́ èyí àgbà, òun ló tilẹ̀ ní kí n kọ̀wé sí ọ. Àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń wá nígbà ìsinmi, èyí tó kéré jù nínú wọn ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Yàrá ìkẹ́rù kan wà lẹ́yìn ilé tí mo lè fún un, ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń tì, àwọn ọmọ ò ní débẹ̀. Mi ò kì í rìnrìn àjò ju ìpàdé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀yọ́ lọ, mo sì máa ń padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọmọ_Ondó

Bí ẹni tó ń wá ajá gidi ṣe ń dáhùn nìyẹn. Síbẹ̀, Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kọ́kọ́ lọ ní ẹ̀yin nìkan láìgbé ajá dání. Mà, ẹ má bínú.

Ìyá_Olùkọ́_Ìlọrá

Kí n bínú kẹ̀? Kó wá. N ó se iyán.

Dókítà_Ẹran_Abẹ́òkúta

Mà, akọ yín ti darúgbó lóòótọ́, àmọ́ akọ tó darúgbó ṣì ń fún abo lóyún. Kí Àdùkẹ́ parí ti iṣẹ́ abẹ kó tó gbé e wá, kí ojú abẹ sì jinná, ó máa ń tó bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Bí wọ́n bá rí oyún níbẹ̀, kó pè mí lórí fóònù kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Kí ti akọ náà gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bí ó bá ti lé lọ́dún kan tó gbà á kẹ́yìn.

Títí_Peckham

Àdùkẹ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbé e lọ, ẹ lọ láàárọ̀ kùtùkùtù kó lè rí gbogbo ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má fi sínú ọkọ̀ èrò. Ẹ wá ọkọ̀ kan tí ẹ ó dá gbà, kí ó wà nínú àgò tàbí páálí ńlá tí ẹ lu ihò sí. Ìbàdàn sí Ìlọrá kò jìnnà, nítorí náà ẹ má fún un lóúnjẹ kó tó wọkọ̀ kó má bì. Géètì ni kí wọ́n kọ́kọ́ tì kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ẹ mú aṣọ tó ń sùn lé dání, ẹ má fọ̀ ọ́, òórùn tó mọ̀ ló wà lára rẹ̀.

Àdùkẹ́_Bódìjà

Mo ti pe ilé ìwòsàn ẹran, wọ́n ní kí n gbé e wá. Alhaji Mọ́níyà ti kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, wọ́n ní àwọn á fún mi ní àgò tí àwọn fi ń kó ewúrẹ́, mọ́tò wọn ló sì máa gbé wa. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni n ó kọ́kọ́ wá kí yín, Mà, èmi nìkan.

Ìyá_Olùkọ́_Ìlọrá

Ó dára, ọmọ mi. Ihò kan wà lábẹ́ fẹ́ǹsì lẹ́yìn ilé ìdáná tí àwọn adìyẹ máa ń gbà kọjá, ajá lè gba ibẹ̀ bó bá fi ẹsẹ̀ walẹ̀ sí i. Bíríkìlà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bó o bá wá, o máa bá mi yí gbogbo fẹ́ǹsì náà ká, ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran dáadáa mọ́, bóyá òmíràn wà tí mi ò rí.